Ìdodo Qanitah

Azeemah ló tú àṣírí náà láìmọ̀. Ọ̀sán Sátidé ni. Ó ti ilé-kéú dé, ó rí ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sáré lọ bá a, ó sì forí sọ ọ́ níkùn bó ṣe máa ń ṣe nígbàkígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Qanitah pariwo. Kì í ṣe igbe eré. Ó ti ọmọ náà kúrò lára rẹ̀ tipátipá, ọmọ ọdún mẹ́fà náà sì ṣubú lu àwọn fóòmù tí wọ́n tò ti ògiri. Kò fara pa, àmọ́ ó bú sẹ́kún, torí kò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára ìyá rẹ̀ rí.

Mutallib, bàbá ọmọ, wà níwájú ṣọ́ọ̀bù níbi tó ti ń kan igi àga. Ó gbọ́ igbe méjèèjì, ó ju hámà sílẹ̀, ó wọlé. Ó kọ́kọ́ gbé ọmọ dìde. Ìgbà tó wá wo ìyàwó rẹ̀ ló rí ẹ̀jẹ̀ tó ti là á já sórí bùbá, láàárín ikùn gan-an, roboto.

"Ṣé abẹ́rẹ́ ló gún ọ ni?"

"Kò sí abẹ́rẹ́ kankan."

"Kí wá ni ẹ̀jẹ̀?"

Qanitah fi ọwọ́ bò ó. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò tóbi. Ó wà ní Òkè-Ìlá nílùú Adó, láàárín àwọn ilé àtijọ́ tí páànù wọn ti pọ́n. Mutallib ń kan àga onífóòmù, Qanitah ń rán aṣọ tí wọ́n fi ń bò ó. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n jọ máa ń wà, ọkùnrin náà sì rò pé kò sí ohun tí òun kò mọ̀ nípa obìnrin yìí. Ó rán Azeemah sọ́dọ̀ aládùúgbò wọn, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí ìyàwó òun jẹ́ kí òun wò ó.

Qanitah tú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi di ikùn. Nínú ìdodo rẹ̀, nǹkan kan ti yọ síbẹ̀, ó dúdú, ó le, ó tó kóró àgbálùmọ̀. Awọ tó yí i ká wú, ó ń dán, ó sì gbóná sọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Lẹ́yìn tí mo já Azeemah lẹ́nu ọmú ló bẹ̀rẹ̀."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Kí ni kí n sọ?" Inú ń bí i. "Kí n ní ìdodo mi ń ṣe nǹkan oṣù?"

Ìbínú ló fi sọ ọ́, àmọ́ bó ṣe sọ ọ́ tán, ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ẹnu ara rẹ̀ rí.

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Lóṣooṣù, bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti ń sún mọ́, ìdodo náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, á máa ta á bí ehín tó kẹ̀. Bí nǹkan oṣù bá dé, ẹ̀jẹ̀ á yọ níbẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá lọ, ibẹ̀ á rọlẹ̀, á gbẹ, á dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Ó ti lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì kan nígbà kan, ìyẹn ní eéwo ni, ó fún un ní oògùn mímu àti ìpara. Qanitah lò ó tán, ó sì san, torí pé ó tó àkókò tí ì bá san náà ni. Nígbà tó tún padà dé, kò lọ mọ́. Kò mọ bí òun ṣe máa dúró níwájú ọkùnrin àjèjì kí òun máa ṣàlàyé nǹkan oṣù.

Ìrora inú ikùn ní tirẹ̀ ti pẹ́ ju ìyẹn lọ. Láti ìgbà tó ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama ló ti máa ń dùbúlẹ̀ sórí símẹ́ńtì tútù nílé wọn ní Ìgbẹmọ, tí á káwọ́ gba orúnkún mọ́ra. Ìyá rẹ̀ á gbé omi gbígbóná wá, á ní báyìí ni gbogbo obìnrin ń ṣe, pé yóò lọ. Ó sì máa ń lọ lóòótọ́. Láti ibẹ̀ ni Qanitah ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Nígbà tó dàgbà, tó lọ́kọ, tí ẹ̀yìn ń ro ó, tó ń yàgbẹ́ tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ìdákẹ́ yẹn ṣì ni ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù.

Mutallib pe ìyá ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ràṣídátù lorúkọ rẹ̀, opó ni, ó ń gbin ìrẹsì, ó sì ń tà á ní Ìgbẹmọ. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti dé Adó pẹ̀lú àpò ìrẹsì kékeré kan àti ike omi àdúà tí áfáà fọ̀ kúrò lára wàláà fún un. Ó wo ikùn ọmọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé orí.

"Ùdodo!" ló wí, pẹ̀lú ohùn Ìgbẹmọ tí kò fi ìgbà kankan fi sílẹ̀. "Ùdodo ọmọ mi! Ta ni mo ṣẹ̀?"

Ó bu omi náà fún un mu, ó fi èyí tó kù ra á níkùn, ó fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Qanitah jẹ́ kó ṣe é. Ó dùn ún, àmọ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni. Mutallib dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo gbogbo rẹ̀ títí ìyá fi ṣe tán. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Ìyá. Àdúà yín á gbà. Àmọ́ lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, mo máa gbé e lọ sí ọsibítù."

"Mi ò ní kí o má gbé e lọ," ni Ràṣídátù dáhùn. "Kí wọ́n fún un lóògùn. Kí wọ́n má sáà mú ọ̀bẹ kàn án."

Dókítà tí wọ́n bá níbẹ̀ jẹ́ obìnrin, ọmọ Ìgèdè, Olúfúnṣọ́ Ayọ̀rìndé. Ó jẹ́ kí Qanitah jókòó dáadáa kó tó béèrè ohunkóhun. Ó wo ìdodo náà, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ etí rẹ̀, ó sì béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń béèrè orúkọ:

"Ṣé ó máa ń bá nǹkan oṣù yín rìn?"

Omijé ló kọ́kọ́ jáde. Qanitah mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mutallib fún un ní áńkáṣíìfù. Dókítà dúró dè é. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sì lè dáwọ́ dúró mọ́: símẹ́ńtì Ìgbẹmọ, ẹ̀yìn ríro, ìyàgbẹ́, àwọn alẹ́ tó máa ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé orí ń fọ́ òun. Mutallib ń gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó tẹ orí ba, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Dókítà gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì sikáànì, ó fi oje tútù pa ibẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú ara lé e, ó yí ojú ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ wọn kí wọ́n lè rí i. Ohun tí wọ́n rí dà bí ojú ọ̀run tó ṣú. Koko dúdú kan wà láàárín. Ó tẹ nǹkan kan lára ẹ̀rọ, àwọ̀ pupa àti búlúù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú yí koko náà ká.

"Iná kí nìyẹn?" ni Mutallib béèrè.

"Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn ni. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ni ìwọ̀nyẹn."

"Ṣebí gbogbo ara ló ní in?"

"Gbogbo ara ló ní in. Àmọ́ àwọn wọ̀nyí ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ni. Torí koko yìí ni wọ́n ṣe hù."

Ó nu oje náà kúrò lára Qanitah, ó ràn án lọ́wọ́ dìde, ó sì fa àga sún mọ́ wọn.

"Inú ilé ọmọ ní awọ kan tó tẹ́ bí ìtẹ́," ni Dókítà wí. "Lóṣooṣù ni ara ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ de oyún. Bí oyún kò bá dé, á tú u dànù, ìyẹn ni nǹkan oṣù. Àmọ́ lára àwọn obìnrin kan, ohun tó jọ awọ yẹn máa ń wà níbi tí kò yẹ kó wà: lẹ́yìn ilé ọmọ, lára ìfun, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìdodo. Ẹndomẹtiriósìsì ni wọ́n ń pè é. Ibi yòówù kó wà, àṣẹ kan náà tí ilé ọmọ ń gbọ́ lòun náà ń gbọ́. Bí ilé ọmọ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, òun náà á ṣẹ̀jẹ̀. Ti ilé ọmọ rí ọ̀nà jáde. Tiyín yìí, ó ń wá ọ̀nà ni."

"Kí ló gbé e débẹ̀?" Qanitah ló béèrè.

"A ò tíì mọ̀ ọ́n tán. Mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ kì í ṣe ohun tí ẹ ṣe, ẹnikẹ́ni kò sì fi ṣe yín."

Mutallib ṣì ń ronú nípa àwọn iná pupa yẹn. "Dókítà, ta ló wá pe àwọn iṣan yẹn wá síbẹ̀?"

"Ara fúnra rẹ̀ ni." Dókítà na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó fi àpá kékeré kan hàn wọ́n. "Ọ̀bẹ ló gé mi níbí. Ẹ rántí bí ojú ọgbẹ́ ṣe máa ń rí: á wú, á pọ́n, á gbóná, á máa ta èèyàn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn ló máa ń sáré lọ síbẹ̀. Wọ́n á bá ìdọ̀tí jà, wọ́n á kó ẹ̀jẹ̀ tó dì kúrò, wọ́n á sì ránṣẹ́ pé kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù wá, kí oúnjẹ lè dé ibi tí wọ́n ti ń tún ara ṣe. Bí ọgbẹ́ bá jinná, oníkálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ti ìdodo yìí kì í jinná. Wọn kò tíì palẹ̀ ti oṣù yìí mọ́ tán tí tòmíràn fi ń dé. Wọn kò lọ, wọn kò sì yé ránṣẹ́. Iṣan ń hù, oúnjẹ ń dé, koko yẹn ló sì ń jẹ ẹ́."

"Ìyẹn ni pé ọlọ́pàá tó wá mú olè ló wá ń gbé oúnjẹ fún olè?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Wọn kò mọ̀ pé olè ni. Ẹ̀yà ara yín ni, ó jọ ti inú ilé. Ọgbẹ́ ni wọ́n rí, ọgbẹ́ ni wọ́n sì ń tọ́jú."

Qanitah kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ronú sí ooru tó máa ń wà nínú ìdodo rẹ̀, tó ti máa ń rò pé ohun burúkú kan ló ń jó òun níbẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn ń tọ́jú òun ni. Kò mọ̀ bóyá kí òun bínú tàbí kí òun káàánú wọn.

Ọ̀nà àbáyọ tí Dókítà là sílẹ̀ kò ṣòro láti gbọ́: kí wọ́n gé koko náà kúrò pátápátá, kí wọ́n sì wo inú ikùn bóyá òmíràn wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà, oògùn tó ń mú kí àṣẹ oṣooṣù yẹn dákẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ìdodo fúnra rẹ̀ bá a lọ. Wọ́n lè rán ibẹ̀ kó jọ ìdodo, àmọ́ kò ní jẹ́ èyí tí wọ́n bí i pẹ̀lú rẹ̀ mọ́.

Gbólóhùn yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀ nílé. Ràṣídátù gbọ́ ọ, ó dìde dúró.

"Wọ́n fẹ́ gé e kúrò? Ọ̀nà tí mo gbà bọ́ ọ? Kí o tó ní ẹnu, Qanitah, ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo jẹ gbà wọ ukùn rẹ. Ìyẹn ni wọ́n ní kí wọ́n gé jù sínú ike ọsibítù?"

"Ìyá, ó ń ṣẹ̀jẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ á dá!"

"Láti ìgbà tí mo ti já Azeemah lẹ́nu ọmú ni mo ti ń retí kó dá."

Ìyá rẹ̀ kò jẹun tí wọ́n gbé fún un. Ó di ẹrù rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ Ìgbẹmọ, kò sì gbé fóònù rẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Mutallib ní kí wọ́n ṣáà máa bá a lọ, pé ìyá á gbà nígbẹ̀yìn. Qanitah ní rárá. Kò fẹ́ kí wọ́n gé ibẹ̀ nígbà tí ìyá òun ń bínú.

Nígbà tí nǹkan oṣù tún wá tó lọ, tí ó lè rìn dáadáa, ó lọ bá ìyá rẹ̀ ní Ìgbẹmọ. Ó bá a ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n sá ìrẹsì bíbọ̀ sí lórí tapólì. Ràṣídátù ń fi ẹsẹ̀ la inú rẹ̀ kọjá, ó ń yí i kí oòrùn lè ràn dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó rí ọmọ rẹ̀, kò dúró.

"Ṣé wọ́n ti gé e?"

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Wọn ò tíì gé e. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè."

Qanitah bọ́ bàtà, ó bá a wọ inú ìrẹsì náà, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ la á. Wọ́n jọ ń lọ, wọ́n jọ ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń rìn ló ń ròyìn fún ìyá rẹ̀ gbogbo ohun tó rí lójú ẹ̀rọ: koko dúdú, àwọn iṣan pupa, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wá tún ọgbẹ́ ṣe tí wọn kò lè padà sílé. Ràṣídátù kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ falẹ̀.

"Àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn. Wọ́n ti inú ara rẹ wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Wọ́n sì rò pé wọ́n ń ṣoore?"

"Dókítà ní wọn ò mọ̀."

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí lábẹ́ òrùlé kékeré tó wà níbẹ̀. Ó gbọn èèpo ìrẹsì kúrò lẹ́sẹ̀.

"Nínú ilé ìrẹsì yẹn ni mo máa ń dùbúlẹ̀ sí," ló wí, ó sì fi àgbọ̀n júwe yàrá tó wà lẹ́yìn wọn. "Kí bàbá rẹ má baà rí mi. Kí n tó bí ọ, àti lẹ́yìn tí mo bí ọ. Mo máa ń fi àpò ìrẹsì lé ara mi níkùn kó lè tẹ̀ ẹ́. Màmá mi ní bó ṣe ń ṣe òun náà nìyẹn. Nígbà tí tèmi dáwọ́ dúró pátápátá lọ́jọ́ alẹ́, mo ṣe àdúà ọpẹ́. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnì kan."

Qanitah wò ó. Gbogbo ìgbà tó fi ń dùbúlẹ̀ lórí símẹ́ńtì, tí ìyá rẹ̀ ń sọ pé báyìí ni gbogbo obìnrin ń ṣe, ó ti rò pé ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ bó ṣe rí ni. Ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí ni kí n sọ?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Mi ò mọ̀ pé ó ní orúkọ."

Wọ́n kó ìrẹsì wọlé nígbà tí ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Nígbà tí Qanitah ń lọ, Ràṣídátù sìn ín dé ibi tí ọkọ̀ wà, ó ní kó fi ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún iṣẹ́ abẹ náà tó òun létí, pé òun kì yóò jẹ́ kí àjèjì jókòó síbẹ̀ dípò òun.

Ó sì wá. Ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń ka tẹ̀sùbáà, Mutallib ń lọ, ó ń bọ̀ níwájú rẹ̀. Nígbà tí Dókítà jáde tó ní ó ti parí, pé Qanitah wà lálàáfíà, ohun tí Ràṣídátù kọ́kọ́ béèrè ni ibi tí ìdodo wà.

"A ti gbé e fún àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, Màmá."

"Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tán, kí wọ́n fún mi. Mo fẹ́ lọ sin ín ní ulé."

Mutallib fẹ́ dá sí i, Dókítà fi ojú dá a dúró. Ó jókòó ti màmá lórí bẹ́ńṣì, ó sì bọ́ sínú ohùn Ìgèdè, ó ṣàlàyé fún un pé bíbẹ́ ni wọ́n máa bẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ kí wọ́n lè rí inú rẹ̀, pé kò ní kù tó ohun tí èèyàn ń sin. Ràṣídátù gbọ́ ọ dópin. Ó sunkún díẹ̀, ó fi etí gèlè nu ojú, ó wá ní kí wọ́n mú òun lọ rí ọmọ òun.

Àbájáde àyẹ̀wò fi hàn pé òótọ́ ni Dókítà rò. Wọ́n bá díẹ̀ nínú ikùn pẹ̀lú, lẹ́yìn ilé ọmọ, wọ́n yọ èyí tọ́wọ́ tó. Dókítà kò sọ pé ó ti tán. Ó ní ó lè padà, ó ní kí Qanitah máa lo oògùn náà lójoojúmọ́, kó sì máa wá kí òun rí i. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ọmọ mìíràn, wọ́n á dá oògùn dúró, wọ́n á sì jọ mọ ohun tó kàn.

Oògùn náà kò rọrùn níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ máa ń yọ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí kò retí rẹ̀, inú rẹ̀ kì í dùn láwọn àárọ̀ kan láìnídìí. Àwọn ará ilé Mutallib béèrè ìdí tí obìnrin tó bímọ kan ṣoṣo fi ń gbé oògùn tó dá nǹkan oṣù dúró mì. Mutallib ló dá wọn lóhùn, ó ní ara ìyàwó òun ń sinmi. Nígbà tí àbúrò bàbá rẹ̀ tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, ó ní kí wọ́n jọ lọ bá Dókítà. Kò sẹ́ni tó bá a lọ, kò sì sẹ́ni tó tún béèrè.

Ohun tó yí padà kò hàn lójú kan. Ìrora kò lọ tán, àmọ́ ó dín kù débi tí Qanitah fi ń gbàgbé rẹ̀. Ó ń rántí pé òun ti yàgbẹ́ láìsunkún. Ó ń bá Mutallib gbé àga jáde fún oníbàárà, ó ń dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí pé òun kì í lè ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní àárọ̀ Jímọ̀ kan, ó ń na aṣọ sórí tìmùtìmù nígbà tí ìyá rẹ̀ pè. Ariwo obìnrin pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àsàlátù ni.

"Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi," ni Ràṣídátù wí. "Ọmọ rẹ̀ ń lọ sí girama. Lóṣooṣù ni wọ́n ń gbé e wálé láti ilé ẹ̀kọ́. Ó ní wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Mo bi í bóyá ó ń bá nǹkan oṣù rìn, ó ń wò mí. Ọmọ náà wà níbí pẹ̀lú wa. Ó ní òun ò lè sọ ọ́ fún ìyá òun, àmọ́ bóyá òun á lè sọ ọ́ fún ọ. Ṣé kí n gbé fóònù fún un?"

Qanitah pa ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní kí Mutallib dá hámà dúró ná. Ó jókòó sórí àga tí wọn kò tíì bò tán.

"Ẹ gbé e fún un."

Ó gbọ́ tí fóònù ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ó gbọ́ èémí ẹnì kan tí kò mọ ibi tó yẹ kí òun ti bẹ̀rẹ̀.

"Àbúrò mi," ló wí, "ibi tó bá wù ọ́ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Mo wà níbí."